Ẹ Yé Pe Gbogbo Ẹni tó Sanra ní Alájẹkì

Ní Àkúrẹ́ níbí, ẹnu kan náà la fi ń yin ẹni tó sanra, òun náà la sì fi ń bú u. Bí ẹnìkan bá ti ìdálẹ̀ dé tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, a ó ní ayé ń yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá sanra kọjá ibi tójú wa gbà, tó sì tún bu iyán lẹ́ẹ̀kejì níbi ìnáwó, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn wa ni pé alájẹkì ni, kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu. Èrò ọkàn mi ni pé ìdájọ́ yìí kò tọ́, iṣẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Douglas Coleman ló sì jẹ́ kí ó dá mi lójú.

Ọmọ Kánádà ni Coleman. Ọdún 1958 ló dé Jackson Laboratory, ilé ìwádìí kan ní ìpínlẹ̀ Maine, ní Amẹ́ríkà, kò sì ní i lọ́kàn láti pẹ́ níbẹ̀, àmọ́ ibẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìntì ní 1991. Láti 1949 ni wọ́n ti rí irú èkúté kan níbẹ̀ tí kì í yó, tó sì ń sanra ní àsanjù, nítorí àbùkù kan tó jogún. Ní àárín àwọn ọdún 1960, irú kejì yọjú, tó sanra bíi ti àkọ́kọ́, tí ìtọ̀ ṣúgà sì tún ń bá a jà gidigidi.

Ohun tí Coleman ṣe ni pé ó so èkúté méjì méjì pọ̀ lára, kí ẹ̀jẹ̀ ọ̀kan lè máa dé ara èkejì. (Ìyà gidi ni fún àwọn ẹranko náà, n kò ní purọ́.) Nígbà tó so irú kejì mọ́ èkúté tí ara rẹ̀ pé, èyí tí ara rẹ̀ pé kò jẹun mọ́, ebi sì pa á kú. Nígbà tó wá so àwọn sísanra méjèèjì pọ̀, irú kìíní ni kò jẹun mọ́ títí ó fi kú, irú kejì sì ń sanra lọ ní tirẹ̀. Coleman rí i pé ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ fún ọpọlọ pé oúnjẹ ti tó. Irú kìíní kò ní in rárá. Irú kejì ní in lọ́pọ̀ yanturu, ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ ń kanlẹ̀kùn, onílé kò gbọ́.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìgbà náà kò gbà, wọ́n ní ìwà lásán ló ń mú ni sanra. Ọdún 1994 ni Jeffrey Friedman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Rockefeller University rí jíìnì (ìlànà tí a ń jogún nínú ara) tó bàjẹ́ lára irú kìíní; leptin ni wọ́n sọ ohun tí jíìnì náà ń ṣe jáde, ọ̀rá ara fúnra rẹ̀ ló sì ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀. Ní 1997, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Cambridge ní Ìlú Ọba, tí Stephen O'Rahilly àti Sadaf Farooqi wà lára wọn, kọ nípa ọmọ méjì, ìbátan ara wọn, tí ara wọn kò ní leptin tó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 8, ó sì wúwo tó kílò 86. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní abẹ́rẹ́ leptin, oúnjẹ rẹ̀ dín kù, ó sì jò. Ẹ jọ̀wọ́, ìwà ọ̀kánjúwà wo ni abẹ́rẹ́ ń wò sàn?

Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ ẹni tó sanra ní leptin púpọ̀ lára, ọpọlọ wọn ni kò kọbi ara sí i mọ́, ìdí nìyí tí abẹ́rẹ́ náà kò fi di oògùn gbogbo ayé. N kò sì sọ pé ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti ìjókòó láti àárọ̀ dalẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù Ọjà Ọba kò dá kún un. Àmọ́ bí ènìyàn bá ń jò, leptin rẹ̀ á lọ sílẹ̀, ebi á máa pa á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ara á sì máa ṣọ́ agbára ná. Ẹni tó ń bá irú ebi bẹ́ẹ̀ jìjàkadì lójoojúmọ́ la ń pè ní ọ̀lẹ.

Ọmọ tí kì í yó láti kékeré, tó ń sanra wìtìwìtì, ẹ jẹ́ kí àwọn òbí rẹ̀ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ UNIMED (University of Medical Sciences), ó wà ní Àkúrẹ́, ó sì wà ní Oǹdó. Kí àwọn olùkọ́ sì jáwọ́ nínú pípè é ní orobo níwájú kíláàsì.