Ẹni Tó Yàgbẹ́ Ló Ń Gbàgbé

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kó tó gbé mi lọ́fun. Àwọn ọ̀dọ́ kan ládùúgbò wa ní apá Mọ́lété níbí kó ara wọn jọ láàárọ̀ Sátidé, wọ́n wọ bàtà òjò, wọ́n mú ṣọ́bìrì, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú gọ́tà tó ti dí látọdún tó lọ, wọ́n ń kó ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ike mínírà, páńpáàsì ọmọ, àkísà, òkú eku, gbogbo nǹkan tí ojú ò fẹ́ rí. Wọ́n ń ṣa ike sọ́tọ̀ sínú àpò torí àwọn kan wà tó ń rà á ní kílò. Ìyá kan jáde láti ilé òdìkejì, ó dúró sókè, ó ń wò wọ́n, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé torí èyí ni wọ́n ṣe rán yín nílé ìwé? Àwọn ẹgbẹ́ yín ti wà ní Kánádà o." Ọmọbìnrin kan nínú wọn kúnlẹ̀ fún un nínú ẹrẹ̀ yẹn náà, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa sọ fún àwọn ará ilé kí wọ́n má da ìdọ̀tí síbí mọ́." Ìyá ò dáhùn. Nígbà tó dọ̀sán tí òjò ṣú, tí àwọn ọmọ ti lọ wẹ̀, ilé yẹn kan náà ni wọ́n ti gbé báàgì dúdú jáde, gbì, inú gọ́tà.

Àwọn bàbá wa ní ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ẹ mọ̀ ọ́n: ẹni tó ṣe é ti nùdí lọ, ẹni tó jí bá a lẹ́nu ọ̀nà ló ń wá ewé kiri.

Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń pa òwe yìí fún ẹni tó ṣẹ èèyàn tí kò rántí mọ́, àmọ́ lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, ìtumọ̀ rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo rí. Ìbàdàn tiẹ̀ ló yẹ kó mọ òwe yìí ju gbogbo ìlú lọ. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, ọjọ́ Sunday, Ògùnpa ya. Ẹ bi àwọn tó wà láyé nígbà yẹn, odò tí èèyàn ń fò kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ló wọlé gbé ìyá tọmọ, ó gbé mọ́tò, ó gbé ilé, àwọn tó kú lé dáadáa ní 100. A sunkún, a ṣe àdúrà, a ní kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, ó tún ṣẹlẹ̀, òjò rọ̀ fún wákàtí mélòó kan, bíríìjì Apẹ̀tẹ̀ lọ, omi wọ Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn tó kú níjọ́ yẹn náà tún lé ní 100. Kí ló fà á? Òjò pọ̀ lóòótọ́, àwọn tó kọ́lé sójú omi wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí ló di ẹnu odò àti abẹ́ bíríìjì pa tí omi ò ríbi gbà mọ́ tó fi gba inú yàrá àwọn èèyàn. Ìjọba wá lọ yáwó lọ́dọ̀ World Bank ní 2014, mílíọ̀nù 200 dọ́là, pé káwọn fi tọ́jú ọ̀rọ̀ omíyalé Ìbàdàn. Owó tí àwọn ọmọ wa máa san nìyẹn o! Ẹ wo bí òwe yẹn ṣe le tó, ẹni tó ju ọ̀rá sódò ní 2011 ti gbàgbé, ọmọ tí wọ́n ò tíì bí nígbà yẹn ló máa san gbèsè rẹ̀.

Òwe yìí náà ló sì bá ọ̀rọ̀ àyípadà ojú ọjọ́ mu. Àwọn ìlú tó ti ń jó èédú àti epo láti bí igba ọdún ni wọ́n tú èéfín tó mú ayé yìí gbóná sójú ọ̀run, gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà lápapọ̀, pẹ̀lú bí a ṣe pọ̀ tó yìí, èéfín tiwa lọ́dún ò ju bí ìdá 4 nínú 100 lọ. Àwọn tó yàgbẹ́ ti gbàgbé. Ẹ lọ bi àwọn tó ń kó o, ẹ lọ bi àwọn apẹja etí adágún Chad tí omi wọn ti sá lọ sílẹ̀ gan-an sí bó ṣe wà láwọn ọdún 1960. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi máa ń dùn tí mo bá gbọ́ ohùn àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń rán wọn létí. Adénikẹ̀ẹ́ Ọládòsù, ọmọ wa ni, Nàìjíríà níbí, ó gbé páálí dání lọ́jọ́ Friday, ó ṣe ìwọ́de nítorí ojú ọjọ́ bí àwọn ọ̀dọ́ ayé ṣe ń ṣe, ó ń pariwo ọ̀rọ̀ adágún Chad yẹn àti bí ojú ọjọ́ ṣe ń da ìgbé ayé àwọn obìnrin ibẹ̀ rú, ó sì gbé e dé ìpàdé àjọ àgbáyé ní Madrid ní 2019. Vanessa Nakate láti Uganda náà ńkọ́? Ní oṣù kìíní 2020, òun àtàwọn ọ̀dọ́bìnrin òyìnbó mẹ́rin jọ ya fọ́tò ní Davos, níbi ìpàdé àwọn olówó àti olórí ayé, nígbà tí ilé iṣẹ́ ìròyìn gbé fọ́tò jáde, wọ́n ti gé e kúrò. Òun nìkan ṣoṣo ló dúdú níbẹ̀. Ọmọ náà ò dákẹ́, ó bi wọ́n ní gbangba pé kí ló dé tí wọ́n fi gé òun, wọ́n sì tọrọ àforíjì.

Gbogbo wa bínú sí òyìnbó lọ́jọ́ yẹn. Ó yẹ ká bínú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa, ọmọ tó wà nínú gọ́tà ní Mọ́lété yẹn, ta ló gé òun kúrò nínú fọ́tò? Kì í ṣe òyìnbó. Ìyá tiwa ni.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn, pé a ti kọ́ àwọn ọmọ yìí pé iṣẹ́ ìdọ̀tí, iṣẹ́ ẹni tí ayé ti gbàgbé ni. Bàbá kan wà tí mo mọ̀ dáadáa, ọmọ rẹ̀ obìnrin jáde ní Poly, kò ríṣẹ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba èèpo pákí lọ́wọ́ àwọn tó ń yan gàrí. Ẹ mọ bí èèpo pákí ṣe máa ń rí lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó ń rùn, ó ń da omi, ẹran tó bá sì jẹ ẹ́ tútù lájẹjù lè kú torí májèlé inú rẹ̀. Àwọn olùwádìí ILRI, ilé iṣẹ́ tó ń ṣèwádìí ẹran ọ̀sìn, tí wọ́n wà nínú ọgbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn, níbí, Ìbàdàn wa yìí náà, ti fi ọ̀nà hàn pé téèyàn bá rin ín, tó fún omi rẹ̀ bí a ṣe ń fún gàrí, tó jọ̀ ọ́, tó wá sá a, ó ti di oúnjẹ ẹran nìyẹn, tọ́ọ̀nù 3 èèpo tútù máa ń fúnni ní nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 1. Ohun tí ọmọ yìí ń ṣe nìyẹn, ó gba obìnrin méjì síṣẹ́, àwọn tó ń sin ewúrẹ́ ń wá rà á lọ́wọ́ rẹ̀. A wá pàdé níbi ìsọmọlórúkọ kan, ẹnìkan bi bàbá náà pé àbúrò wa tó ṣe Poly ńkọ́, ó ní, "Ó ṣì ń wá iṣẹ́ ni o, ẹ bá wa fi sádùúrà." Ọmọ yẹn wà níbẹ̀! Ó ń gbé omi kiri fún àwọn àlejò, ó gbọ́. Mi ò gbàgbé ojú tó fi wo bàbá rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ owó wà nínú ààtàn fún ẹni tó bá fojú sí i. Bilikiss Adébíyì-Abíọ́lá lọ kàwé dé MIT ní Amẹ́ríkà, ìgbà tó máa padà wálé, ìdọ̀tí ló mú, òun ló dá Wecyclers sílẹ̀ ní Èkó ní 2012, kẹ̀kẹ́ onípẹ́dà tó ní ibi ìkẹ́rù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń gùn wọ àdúgbò tí mọ́tò kólẹ̀kódọ̀tí ò lè wọ̀, ẹni tó bá kó ike rẹ̀ fún wọn, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á fún un ní póìǹtì tó lè fi gba nǹkan ìlò ilé. Nzambi Matee ní Kenya, ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ló ní, ó fiṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ pàgọ́ sẹ́yìnkùlé ìyá rẹ̀, ó ń po ike mọ́ yanrìn, ó ń yọ́ ọ, ó ń tẹ̀ ẹ́ di bíríìkì tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀. Àwọn aládùúgbò ń ráhùn pé ariwo ẹ̀rọ rẹ̀ pọ̀ jù. Ó fara dà á. Ní 2020, UNEP, ẹ̀ka àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, fi í ṣe ọ̀kan lára àwọn ọ̀dọ́ akọni wọn fún ayé. Ìyá tó gba ọmọ láàyè ní ẹ̀yìnkùlé yẹn, òun ni mo máa ń rò jù, torí ìyá mélòó ló máa gbà nílùú yìí?

Ẹ̀yin kan á ní ọ̀rọ̀ ìjọba lèyí. Ìjọba ní ẹ̀bi tirẹ̀, ẹ̀bi ńlá sì ni, mọ́tò kólẹ̀kódọ̀tí tí kì í dé lásìkò, ààtàn tí kò ní ọgbà, èéfín tó ń jáde níbẹ̀ tí àwọn ọmọdé ń fà símú, àwọn olóyè tó máa ń wá di ìgbálẹ̀ tuntun mú kí wọ́n yà wọ́n ní fọ́tò tí wọ́n á sì wọ mọ́tò lọ. Ṣùgbọ́n ìjọba kọ́ ló ń jí ní aago márùn-ún ìdájí lọ da báàgì sí Ògùnpa. Èmi àti ẹ̀yin mọ ẹni tó ń ṣe é, a mọ ilé rẹ̀, a sì ń kí i ní "ẹ kú àárọ̀". Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Òwe yìí ló yẹ kí n kọ́kọ́ pa gan-an. Torí omi tí báàgì ẹnìkan dá dúró ní òkè, ilé ẹlòmíì ló máa wọ̀ nísàlẹ̀, ẹni tó jù ú lè máà rí ẹ̀kán omi kankan nínú pálọ̀ rẹ̀, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló máa gbé mátírẹ́ẹ̀sì sórí odi. A rí wọn, a sì dákẹ́, a ní "kò kàn mí", a ní "ìjà ló máa dá sílẹ̀".

Wọ́n ń ki ìlú wa pé Ìbàdàn mesì Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, níbi olè gbé ń jàre olóhun. Ó ń dùn létí lóde àríyá. Ṣé ẹ fẹ́ kó jẹ́ pé nídìí ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí náà, ẹni tó da gọ́tà rú ló máa máa jàre ẹni tó ń kó o? Wọ́n tún ní ìjà ìgboro làrùn Ìbàdàn. Àrùn kan ti tó wa.

Ní Rwanda, láti 2008 ni wọ́n ti fòfin de ọ̀rá, Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù sì ni gbogbo ìlú ń jáde ṣiṣẹ́, olówó àti tálákà. Kenya náà fòfin de ọ̀rá ní 2017, ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ lè fẹ̀wọ̀n jura. Àwa náà ní Sátidé ìmọ́tótó láti ayé Buhari àti Ìdíàgbọn, kí là ń fi ṣe? Bọ́ọ̀lù là ń gbá lójú títì tí mọ́tò ò sí, àwọn àgbà ń sùn, tó bá di aago mẹ́wàá a bọ́ sóde bíi pé a ti ṣe nǹkan. Láyé àtijọ́ wolé-wolé á wọlé, á yọjú wo ìkòkò omi rẹ, á wo ẹ̀yìnkùlé, tó bá rí ìdọ̀tí, kóòtù ni. Àwọn ìyá wa bẹ̀rù wolé-wolé ju ọlọ́pàá lọ. Ní báyìí, ẹnikẹ́ni ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, ọmọ ogún ọdún ló ń kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ bẹ àgbàlagbà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, díẹ̀ ni tiyín. Ẹ máa wọ ìbọ̀wọ́, abẹ́rẹ́ àti ìgò fífọ́ wà nínú gọ́tà yẹn. Ẹ máa kọ kílò tí ẹ ń tà sílẹ̀, kí ẹ mọ iye tó wọlé, torí òwò ni, kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di àánú. Ẹ má sì jẹ́ kí olóṣèlú kankan wá wọ ẹ̀wù yín ya fọ́tò tí kò bá san owó àpò kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń tijú iṣẹ́ ọmọ yín, ẹ jáwọ́. Yahoo-yahoo tí ẹ kì í bèèrè ibi tí owó rẹ̀ ti wá, ẹ ò tijú tìyẹn, ẹ ń jẹ nínú rẹ̀, ẹ ń gbàdúrà fún un, ọmọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣa ike lẹ fi ń ṣẹ̀sín. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ gbé báàgì ìdọ̀tí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀, ẹ so ó mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí oníbàárà rí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń dúró de òjò kí ẹ tó gbé ìdọ̀tí jáde, ẹ ń pààyàn ni, mi ò mọ orúkọ míì tí mo lè pè é. Ẹ̀yin lánlọ́ọ̀dù tí ẹ fi kún owó ilé lọ́dún yìí, tí kò sí dọ́ọ̀mù ìdalẹ̀nù kan ṣoṣo nínú ọgbà, tí ẹ ní kí ayálégbé máa wá ibi dà á sí, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ju báàgì yẹn. Mítìnì àdúgbò tó ń bọ̀, kí alága má pe àwọn ọ̀dọ́ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kó pe àwọn lánlọ́ọ̀dù lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó bi wọ́n pé ìgbà wo ni dọ́ọ̀mù ń dé, kí sẹkitérì sì kọ ọjọ́ tí kálukú bá dá sínú ìwé, níwájú gbogbo wa.