Ọmọdé Gbọ́n, Àgbà Gbọ́n: Ṣé Síkúùlù Wa Ṣì Gba Òwe Yìí Gbọ́?

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, a máa ń pa á níbi ìpàdé ẹbí, a máa ń pa á tọ́mọ bá sọ̀rọ̀ tó wọ àwọn àgbà létí, àmọ́ látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ TP (Teaching Practice, tí wọ́n fi ń rán àwa tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà lọ kọ́mọ ní síkúùlù) ni mo ti ń rò ó pé síkúùlù gan-an ló yẹ kí òwe yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù, ibẹ̀ náà la sì ti gbàgbé ẹ̀ jù.

Èyí tí àwa tíṣà fẹ́ràn ni pé bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Tọ́mọ bá ti béèrè ohun tó le díẹ̀, tàbí tó ní "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ohun tẹ́ ẹ kọ sí bọ́ọ̀dù yẹn ò pé", òwe yẹn la máa fi dá a jókòó. Mi ò ní irọ́ ni o. Ọjọ́ orí ní nǹkan tó ń kọ́ èèyàn tí ìwé ò lè kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ tún un gbọ́ dáadáa, òwe yẹn fúnra ẹ̀ ti gbà pé ọmọdé láṣọ. Àkísà ni ò tíì pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Kí ló wá dé tá a fi ń ṣe sọ́mọ ní kíláàsì bí ẹni tó wá níhòòhò?

Pírámárì 4 ni wọ́n fún mi níbi tí mo ti ń kọ́ṣẹ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́ wọn ní fraction, mo kọ ½ àti ¼ sí bọ́ọ̀dù, mo fòyìnbó ṣàlàyé ẹ̀ bí lẹ́sìn nóòtì, ìwé tí tíṣà fi ń ṣètò iṣẹ́ ọjọ́ kan, ṣe wí, kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìn tí ìyá ẹ̀ ń ta gàrí, ó rọra ń sọ fún ẹnì kejì ẹ̀ pé àbọ̀ kóńgò lọ́nà méjì ló ń jẹ́ kóńgò kan, tó o bá wá pín àbọ̀ yẹn sí méjì, irú ẹ̀ mẹ́rin ló máa kún kóńgò. Ó ti parí iṣẹ́ tí mo wá ṣe! Kí n tó lanu, mọ́nítọ̀ ti kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ pé ó sọ vernacular, ìyẹn Yorùbá, ní kíláàsì, owó ìtanràn ń bẹ níbẹ̀. Mo ní kó bọ́ síwájú kó ṣàlàyé ẹ̀ fún wa lédè tó fi sọ ọ́. Ìwé ọwọ́ mọ́nítọ̀ yẹn lọmọ náà kọ́kọ́ wò kó tó dìde.

Ìwò yẹn ló ń dùn mí títí di ìsinsìnyí. Ọmọ tó yé jù ni wọ́n kọ mọ́ àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀. A lè kọ "Discipline, Respect, Hard Work" gàdàgbà sára ògiri, ohun tí síkúùlù ń kọ́mọ lóòótọ́ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lọ́jọ́ tó lanu sọ ohun tó mọ̀.

Wọ́n sì ti gbé ọ̀rọ̀ fífi èdè abínibí kọ́mọ yìí yẹ̀ wò nílẹ̀ wa, kì í ṣe ìgbéraga ọmọ TP. Lọ́dún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní St. Stephen's "A", Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò o, sáyẹ́ǹsì o, òyìnbó sì dá dúró bí iṣẹ́ kan lọ́wọ́ tíṣà tó mọ̀ ọ́n kọ́. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó yí sí òyìnbó lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn ọlọ́dún mẹ́fà yìí ló ṣe dáadáa jù, òyìnbó pàápàá ò já wọn sílẹ̀. Síbẹ̀ ibi tá a wà la wà. Lọ́dún 2022 ìjọba àpapọ̀ ní èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́mọ ní pírámárì, nígbà tó fi di 2025 wọ́n ti fagi lé e.

Àwọn kan á ní tá a bá gba ọmọ láyè báyìí, ó máa yájú. Rárá o. Fáfúnwá yìí kan náà ka nǹkan méje tí ẹ̀kọ́ àbáláyé àwa èèyàn dúdú ń lépa, ìbọ̀wọ̀ fágbà wà níbẹ̀, ọpọlọ pípé náà wà níbẹ̀, wọn ò bára wọn jà. Ẹ wo bá a ṣe ń ṣe nílé. Ọmọdé tó bá fẹ́ pòwe níwájú àgbà á kọ́kọ́ ní "Tótó, ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà lẹ lòwe", àwọn àgbà á sì dá a lóhùn pé "Wàá rí òmíràn pa". Ọmọ ti júbà, àgbà ti fún un láyè, ó sì tún ti ṣàdúrà fún un pé kó tún sọ̀rọ̀ lọ́la! Èwo ló dà bí ìyẹn nínú síkúùlù wa?

Tá a bá tún dé orí ìwà, ẹ wo report card. Apá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní affective domain, wọ́n á to ìmọ́tótó, ìwà pẹ̀lẹ́, òtítọ́ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, tíṣà á fi 1 sí 5 síwájú ẹ̀. Mo ti rí i tí wọ́n fi 4 fún gbogbo kíláàsì láti òkè délẹ̀ láìgbójú sókè. Mo sì mọ ibi tí wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìdáhùn tí wọ́n máa fún ìnísípẹ́kítọ̀ kó tó dé, ọmọ tó bá sì há a dáadáa ló gba 5 lórí òtítọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án mọ ohun tá a ṣe yẹn o, bó bá tiẹ̀ dákẹ́.

Ẹ̀yin tá a jọ ń kọ́ṣẹ́, a ò láṣẹ lórí òfin síkúùlù, ṣùgbọ́n lẹ́sìn nóòtì wà lọ́wọ́ wa. Ibì kan wà lókè níbẹ̀ tó ń jẹ́ entry behaviour, ohun tọ́mọ ti mọ̀ kó tó wọlé. Ọ̀pọ̀ wa ń da ti èṣí kọ ni, "Pupils have been taught…", ó parí. Èmi kì í kọ tèmi mọ́ láìjẹ́ pé mo ti bi àwọn ọmọ fúnra wọn nígbà brék: ta ló ń bá ìyá ẹ̀ wọn nǹkan lọ́jà, ta ló ń tẹ̀ lé bàbá ẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, ta ló ti já kókó rí. Ohun tí wọ́n bá sọ ni mo ń kọ síbẹ̀, ibẹ̀ náà ni iṣẹ́ ọjọ́ yẹn sì ti ń bẹ̀rẹ̀.