Ọ̀rọ̀ inú ìwé Jónà ju ti ẹja lọ

Mo jẹ́ bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí mo nawọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, mo bi tísà wa pé báwo ni Jónà ṣe rí atẹ́gùn mí nínú ikùn ẹja fún ọjọ́ mẹ́ta. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní irú ìbéèrè tí ejò bi Éfà nìyẹn. Mo jókòó, mo panu mọ́, ó sì pẹ́ gan-an kí n tó tún bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan nípa Bíbélì. Ọ̀rẹ́ mi tó jókòó tì mí lọ́jọ́ náà ní ìbéèrè tirẹ̀ lọ́kàn. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tó fi kúrò nínú ìgbàgbọ́ pátápátá. Ó sọ fún mi pé: "Wọ́n ní bí mi ò bá gba ti ẹja yẹn gbọ́, mi ò lè gba Jésù gbọ́. Mo bá kúkú fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí títí di òní. Òun ni mo ṣe ń kọ èyí.

Orí 4 péré ni ìwé Jónà, ẹsẹ 48. Ẹ lọ kà á, ẹsẹ 3 ló dárúkọ ẹja. Gbogbo ìyókù, ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tó kórìíra ìlú kan ni, tó rí i pé Ọlọ́run dárí jì wọ́n, tó sì bínú débi pé ó ní kí òun kú ó sàn ju kí òun wà láàyè lọ. Ó jókòó sábẹ́ ìtàkùn kan, inú rẹ̀ ń dùn sí ibòji rẹ̀. Kòkòrò jẹ ìtàkùn náà, ó rọ, oòrùn sì ń pa Jónà lórí. Ó ká a lára gidigidi. Ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti bi í pé: ìwọ tí o kò gbin ìtàkùn yìí ń káàánú rẹ̀, ṣé kí èmi má wá ṣàánú Nínéfè, ìlú ńlá tí àwọn èèyàn tó lé ní 120,000 wà níbẹ̀, tí wọn ò mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, àti ọ̀pọ̀ ẹran ọ̀sìn? Ìwé náà parí síbẹ̀, lórí ìbéèrè.

Ìbéèrè yẹn le fún mi ju ti atẹ́gùn lọ. Ta ni ẹni tí mi ò fẹ́ kí Ọlọ́run ṣàánú? Mo mọ̀ ọ́n, mo mọ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ń jà lórí bí ọ̀nà ọ̀fun ẹja ṣe fẹ̀ tó, kò sẹ́ni tó máa ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó ní ó ṣẹlẹ̀ àti ẹni tó ní kò ṣẹlẹ̀, inú ikùn ẹja ni àwọn méjèèjì há sí.

Ẹ wo wòlíì Nátánì níwájú ọba Dáfídì. Ó ní tálákà kan wà tó ní abo ọ̀dọ́ àgùntàn kan ṣoṣo. Ó ń jẹ nínú oúnjẹ rẹ̀, ó ń mu nínú ife rẹ̀, àyà rẹ̀ ló ń sùn lé, bí ọmọbìnrin ló ṣe rí fún un. Àlejò dé bá olówó kan, olówó yìí ò fẹ́ fọwọ́ kan agbo tirẹ̀, ó lọ gba ẹyọ kan tí tálákà ní, ó pa á. Dáfídì gbaná jẹ, ó ní ikú tọ́ sí ẹni tó ṣe nǹkan bẹ́ẹ̀. Nátánì ní: "Ìwọ ni ọkùnrin náà."

Kò sí àgùntàn kankan níbì kankan. Síbẹ̀, mi ò mọ ọ̀rọ̀ tó jẹ́ òtítọ́ tó èyí nínú gbogbo ìwé Sámúẹ́lì. Ká ní ẹ̀sùn Bátíṣébà, ìyàwó oníyàwó tí ọba gbà, àti Ùráyà ọkọ rẹ̀ tí ọba ní kí wọ́n pa, ni Nátánì kọ́kọ́ kà sí ọba létí ni, ọba á ti wá àwíjàre. Ìtàn gba ibi tí ọba ò fi ẹ̀ṣọ́ sí wọlé.

Jésù náà mọ ọ̀nà yìí dáadáa. Bíbélì èdè wa ò tilẹ̀ wá orúkọ jìnnà fún ìtàn rẹ̀, òwe ló pè é. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sì sọ fún ọmọlúàbí. Inú ọkọ̀ ojú omi ló wà nínú Máàkù orí 8 nígbà tó ní kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ṣọ́ra fún ìwúkàrà àwọn Farisí. Ìṣù búrẹ́dì kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ wọn, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ láàárín ara wọn pé torí pé àwọn ò mú búrẹ́dì ni. Ó dùn ún. Ó bi wọ́n pé ṣé kò tíì yé wọn ni. Nikodémù gbọ́ àtúnbí, ikùn ìyá ló lọ sọ́kàn rẹ̀. Obìnrin ará Samáríà gbọ́ omi ìyè, ó ní Jésù ò ní ohun tí yóò fi fà á. Àwọn tó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe bọ́ lẹ́nu gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà máa ń fò lórí.

Wọ́n á ní ọ̀làjú òde òní ló ń dà mí láàmú. Rárá o. Ní ọ̀rúndún kẹta, Origen, ọ̀mọ̀wé Bíbélì kan nínú ìjọ àtijọ́, ti béèrè pé ọlọ́gbọ́n wo ló máa rò pé ọjọ́ kìíní, ìkejì àti ìkẹta, pẹ̀lú àṣálẹ́ àti òwúrọ̀, wà láìsí oòrùn, nígbà tó jẹ́ ọjọ́ kẹrin ni Jẹ́nẹ́sísì ní a dá oòrùn. Augustine, gbajúmọ̀ olùkọ́ ìgbàgbọ́ tí wọ́n bí lọ́dún 354, kọ̀wé pé nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́, Ìwé Mímọ́ ò jọ òun lójú. Ìgbà tó gbọ́ ìwàásù Ambrose, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Milan ní Ítálì, tó ń tẹnu mọ́ ọn pé ìwé a máa pani ṣùgbọ́n ẹ̀mí a máa sọni di ààyè, ni ilẹ̀kùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí fún un. Ọ̀rẹ́ mi ni mo máa ń rántí ní gbogbo ìgbà tí mo bá kà á. Òun ò rí Ambrose tirẹ̀. Ti Galileo, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ìjọ Kátólíìkì dá lẹ́bi lọ́dún 1633 torí ó ní ayé ló ń yí oòrùn po, àfi ìgbà tó di 1992 kí póòpù John Paul Kejì tó gbà ní gbangba pé àwọn tó dá a lẹ́jọ́ ṣàṣìṣe. Ẹ wo iye ọdún.

Mo mọ ohun tó ń ba àwọn kan lẹ́rù: ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe èyí lówe, ibo ló máa dúró? Ìbẹ̀rù yẹn ní ìdí. Pọ́ọ̀lù sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú nínú Kọ́ríńtì Kìíní orí 15 pé bí Kristi kò bá jíǹde, asán ni ìgbàgbọ́ wa. Mo gbà bẹ́ẹ̀, mo sì gbà pé ó jíǹde. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù ń dárúkọ àwọn tó rí i, ó ní ọ̀pọ̀ wọn ṣì wà láàyè. Ohùn ẹlẹ́rìí nìyẹn. Ejò tó ń sọ̀rọ̀ nínú ọgbà, igi tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ìmọ̀ rere àti búburú, ohùn mìíràn ni. Bí mo bá ní orí mi wú, ẹ ò ní wá fi okùn wọ̀n ọ́n. Ẹ ò sì ní torí ẹ̀ pè mí ní òpùrọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bi mí ní ìbéèrè ti atẹ́gùn yẹn gan-an. Mi ò bínú. Mo ní kó mú Bíbélì wá, a jọ kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ẹsẹ tó kẹ́yìn. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Kí wá ni Jónà dá Ọlọ́run lóhùn?" Mo ní wọn ò kọ ọ́. Ó ṣí ojú ìwé tó tẹ̀ lé e wò, bóyá ó ṣì kù.