Ìran Ìjọ Kì Í Ṣe Ti Pásítọ̀ Nìkan

Ní Àkúrẹ́ yìí, láti Ìjọ̀mù títí dé Ọ̀bà-Ilé, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa ọmọ ìjọ ti gbà gbọ́ débi pé a kì í yẹ̀ ẹ́ wò mọ́: pé pásítọ̀ nìkan ni Ọlọ́run ń fi ìran ìjọ, ìyẹn ohun tó fẹ́ kí ìjọ ṣe, hàn, pé iṣẹ́ tiwa kò ju ká ṣe "Àmín", ká tọwọ́ bọ àpò, ká sì máa tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá bèèrè ọ̀rọ̀, wọ́n á ní ẹ̀mí Kórà, ọkùnrin tó dìtẹ̀ sí Mósè, ló ń dà á láàmú. Mo fẹ́ sọ ọ́ gbangba pé ìgbàgbọ́ yìí kò sí nínú Bíbélì, kò sì sí nínú ìtàn àwọn ìjọ tó dàgbà sí ilẹ̀ wa.

Ẹsẹ tí wọ́n sábà máa ń fi pa wá lẹ́nu mọ́ ni Sáàmù 105:15, "Ẹ má ṣe fọwọ́ kan ẹni àmì òróró mi." Ẹ ka orí náà láti òkè wá. Ọ̀rọ̀ Ábúráhámù, Ísáákì àti Jákọ́bù ló ń sọ níbẹ̀, nígbà tí wọn ò tíì pọ̀, tí wọ́n ń ti ilẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Àwọn ọba ni Ọlọ́run ń kìlọ̀ fún nítorí wọn. Kì í ṣe ìyá ìjọ tó bèèrè iye tó kù nínú owó ìkọ́lé. Kórà ńkọ́? Iṣẹ́ àlùfáà ló fẹ́ gbà, Mósè sì sọ ọ́ fún un lójú, nínú Númérì 16:10. Ẹni tó ń bèèrè ìdí tí a fi fẹ́ ra ilẹ̀ kò du oyè pásítọ̀.

Ìwé tí wọ́n máa ń kà fún wa jù lásìkò ìkọ́lé ni ti Nehemáyà, òun gan-an ló sì ta ko ìgbàgbọ́ yìí jù. Lóòótọ́, òun ni Ọlọ́run fi í sí lọ́kàn láti tún odi Jerúsálẹ́mù mọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo orí kejì: ó jáde lóru, òun àti èèyàn díẹ̀, ó lọ fojú ara rẹ̀ wo ibi tí odi ti wó, kó tó bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ìgbà tó wá pe àwọn ará ìlú, wàhálà tí gbogbo wọn ń fojú rí ló fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Àwọn fúnra wọn ló dáhùn pé ká dìde, ká mọ ọ́n. Bí ẹ bá dé orí kẹta, ẹ ó bá alágbẹ̀dẹ wúrà, ẹni tó ń po lọ́fínńdà, àti àwọn ọmọbìnrin Ṣálúmù lẹ́nu iṣẹ́, tí ọ̀pọ̀ wọn ń mọ ibi tó kọjú sí ilé tiwọn. Ọjọ́ 52 ni odi náà fi parí.

Nígbà tí àríyànjiyàn bóyá kí àwọn onígbàgbọ́ tí kì í ṣe Júù kọlà sì dé Jerúsálẹ́mù, nínú Ìṣe 15, àwọn àpọ́sítélì kò dá ìpinnu ṣe. Àwọn àgbà wà níbẹ̀, gbogbo ìjọ sì wà níbi tí wọ́n ti yan àwọn tó máa gbé lẹ́tà ìpinnu náà lọ.

Ẹlòmíràn á ní, "Bàbá Babalọlá ńkọ́?" Ó dára, ẹ jẹ́ ká sọ ti wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Ojú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ ló wà ní 1928, nídìí ẹ̀rọ tó ń tẹ títì, nígbà tí ìpè dé. Kò sẹ́ni tó máa bá a du ìpè yẹn. Síbẹ̀ kò dá ìjọ tirẹ̀ sílẹ̀. Faith Tabernacle ló lọ bá, ìjọ tó jáde láti inú ẹgbẹ́ àdúrà tí àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1918. Ibi tí àwọn aṣáájú ti ń ṣèpàdé lórí ẹ̀kọ́ ìjọ, ní Òkè-Ooye, Iléṣà, ni ìsọjí oṣù Júláì 1930 ti bẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí ìjọ CAC (Christ Apostolic Church), tó tinú ìsọjí yìí jáde, wá fẹsẹ̀ múlẹ̀, Isaac Akinyẹle, tó padà jẹ Olúbàdàn, ni ààrẹ. Ajíhìnrere àgbà ni Babalọlá jẹ́ títí tó fi kú ní 1959. Èrò ń wọ́ tẹ̀ lé e láti ìlú dé ìlú, ó sì gbà kí ẹlòmíràn jókòó lórí àga ààrẹ.

Mo mọ ìjọ kan níbí, mi ò ní dárúkọ wọn. Pásítọ̀ kéde lọ́jọ́ Ìsinmi kan pé Ọlọ́run ti fi ilẹ̀ tuntun han òun, kò jìnnà sí odò Àlà. Wọ́n pín káàdì ìlérí, owó wọlé. Ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ obìnrin tó ti pẹ́ tó ti ń ta ewé létí ibẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òjò bá rinlẹ̀, omi máa ń mu èèyàn dé orúnkún lórí ilẹ̀ náà. Ẹnikẹ́ni ò bi í. Òun náà ò lè sọ ọ́, kí wọ́n má baà ní ó ń ta ko ìran. Wọ́n mọ búlọ́ọ̀kù dé ojú fèrèsé, òjò dé, ẹ̀gbẹ́ ògiri kan rì, ó sì là láti òkè délẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé pásítọ̀ náà lọ sí ìlú mìíràn. Ìran bá a lọ, igbó sì bo ìpìlẹ̀. Owó àwọn opó wà nínú búlọ́ọ̀kù yẹn, èyí ló ń dùn mí jù. Pásítọ̀ náà kì í ṣe olè o, ó fẹ́ràn ìjọ. Wọ́n kàn ti kọ́ ọ pé tí òun bá ti gbọ́, ó ti parí nìyẹn.

Mi ò sọ pé kí gbogbo wa máa darí ìjọ. Déjì ló wà lórí ìtẹ́, síbẹ̀ kò sí ọmọ Àkúrẹ́ tó máa sọ pé Déjì ń dá ìlú ṣe láìsí Lísà àti àwọn ìjòyè yòókù. Aṣáájú lè kọ́kọ́ rí i, òun náà ló sì máa ṣíwájú. Ṣùgbọ́n ohun tí ìjọ ò bá tíì yẹ̀ wò, tí wọn ò tíì gbàdúrà sí pa pọ̀, tí wọn ò sì gbà tọkàntọkàn, èrò ẹnìkan ṣì ni.

Ẹ̀yin wọ́dìn àti ẹ̀yin tí ẹ wà nínú PCC (Parochial Church Council), ẹ̀yin tí wọ́n ń pè ní ìgbìmọ̀ ìjọ níbòmíràn, ọ̀dọ̀ yín ló kù sí. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ fi ọ̀wọ̀ bèèrè: "Dádì, ta ló ti lọ wo ilẹ̀ yìí nígbà òjò? Orúkọ ta ló wà lórí ìwé rẹ̀? Bí wọ́n bá gbé yín lọ lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn wo nínú wa ló mọ ìran yìí débi tí wọ́n á lè bá a lọ?"