Igbó Ọ̀ṣun wà nínú ìwé UNESCO, ṣùgbọ́n ti yunifásítì yàtọ̀

Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé torí UNESCO, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, ti gba Igbó Ọ̀ṣun wọlé, àwọn yunifásítì ìlú wa náà ti di ti UNESCO, pé gbogbo ayé ló sì máa gba ìwé ẹ̀rí wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Lóòótọ́, Igbó Ọ̀ṣun wọ ìwé Ogún Àgbáyé, àkójọ UNESCO fún àwọn ibi tó ṣe pàtàkì fún gbogbo ayé, ní 2005. Igbó náà, ojúbọ rẹ̀ àti àwọn ère tí Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Austria, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú yìí mọ ló wọlé, kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́.

Ètò tí UNESCO fi so yunifásítì pọ̀ kárí ayé dá dúró lọ́tọ̀. UNITWIN ni wọ́n ń pè é, ó ti wà láti 1992. Yunifásítì fúnra rẹ̀ ló máa kọ̀wé béèrè, tí yóò tọwọ́ bọ àdéhùn lórí iṣẹ́ kan pàtó. Ibẹ̀ ni àṣà ti lè jàǹfààní: olùkọ́ òkè òkun lè bá tiwa ṣèwádìí lórí bí òjò ṣe ń jẹ ère sìmẹ́ǹtì, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè wá gbọ́ oríkì Ọ̀ṣun lẹ́nu àwọn olórìṣà. Ó wù mí púpọ̀ fún Òṣogbo. Àmọ́ a gbọ́dọ̀ béèrè fún un.

UNESCO kì í fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí yunifásítì. NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó yunifásítì, ló ń fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì wọn ní Nàìjíríà. Kí ẹ tó sanwó ilé ẹ̀kọ́, ẹ wo kọ́ọ̀sì tí ẹ fẹ́ kà lórí ìkànnì NUC. Ìkànnì UNESCO ni ẹ ti máa rí ti UNITWIN àti ti Ogún Àgbáyé, ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.