"Omi lásán ni mò ń gbé": irọ́ tí àwa dírẹ́bà tánkà ń pa fún ará ilé

Ní Houston, bí ẹnì kan bá ti ní òun fẹ́ lọ wa tánkà ní Midland tàbí Odessa, àwọn ìlú epo rọ̀bì ní ìwọ̀ oòrùn Texas, iná ni ohun tí ará ilé máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rù. "Ṣé kànga epo ò ní í gbiná mọ́ ọ lórí báyìí?" Dírẹ́bà á ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, omi lásán lòun ń gbé. Èmi náà sọ ọ́ fún ìyá mi lórí WhatsApp, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Irọ́ ni mo pa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ̀ nígbà náà.

Iná máa ń ṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìwapo ní Amẹ́ríkà, jàǹbá ọkọ̀ ló ń pa èèyàn jù. NIOSH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ààbò lẹ́nu iṣẹ́, ti ń sọ ọ́ tipẹ́. Ẹ gba ọ̀nà 285 láti Pecos ní Texas, kọjá ní Orla, títí dé Carlsbad ní New Mexico. Ọ̀nà Ikú làwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Kì í ṣe kòtò ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀ (ẹni tó bá ti wakọ̀ l'Ékòó rí, kí ni kòtò fẹ́ fi ṣe é?). Púpọ̀ nínú àwọn tó wà lórí ọ̀nà yẹn ló ti rẹ̀.

Òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí dírẹ́bà má wakọ̀ ju wákàtí 11 lọ lẹ́yìn ìsinmi wákàtí 10. Ẹrù tí kò bá kọjá ààlà Texas, òfin ìpínlẹ̀ ló ń tẹ̀ lé: wákàtí 12 nídìí ọkọ̀, lẹ́yìn ìsinmi wákàtí 8 péré. Dírẹ́bà yòókù gbọ́dọ̀ sinmi wákàtí 34 kí wákàtí ọ̀sẹ̀ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Tiwa tí à ń ṣiṣẹ́ nídìí kànga epo, wákàtí 24. Àwọn tó ń pín iṣẹ́ á tún sọ fún ọ pé àkókò tí o fi jókòó de kànga kò sí nínú iṣẹ́. Má gbà. Lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀, àwọn ọkọ̀ tí wọ́n dìídì ṣe fún títọ́jú kànga ló ni àǹfààní yẹn, kò kan ọkọ̀ omi tàbí ti iyanrìn.

Lóru ọjọ́ kan nítòsí Orla, mo to sórí ìlà wákàtí márùn-ún níbi tí a ti ń da omi iyọ̀ nù. Aago mẹ́ta kọjá kó tó kàn mí. Mo dà á tán, mo gbéra. Ohun tí mo tún gbọ́ ni táyà tó ń dún gìrìgìrì lórí ìlà tí wọ́n gbẹ́ sétí títì láti fi jí dírẹ́bà tó bá ń sùn. Ojú mi ò pàdé o! Síbẹ̀ mi ò rántí bí mo ṣe dé ibẹ̀.

Omi náà gan-an ńkọ́? Inú kànga ló ti bá epo jáde, ó lè gbé H2S wá, ìyẹn gáàsì olóró kan. Òórùn ẹyin tó ti jẹrà ni, àmọ́ tó bá pọ̀, imú rẹ ló máa kọ́kọ́ pa, ìwọ á rò pé ó ti lọ. Ìdí tí à ń fi kọ́ ẹ̀rọ kékeré tó ń kìlọ̀ nípa gáàsì yẹn sáyà nìyẹn. Tánkà tó kún dé ìdajì sì burú ju èyí tó kún lọ: o tẹ bíréèkì, ọkọ̀ dúró, omi ò dúró, ó sáré wá gbá ọ láti ẹ̀yìn.

Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má lọ. Owó wà níbẹ̀, o ò sì ní máa la ìpínlẹ̀ mẹ́wàá kọjá kó o tó rí i. Àṣẹ tánkà tó wà lára láísẹ́ǹsì rẹ á wúlò níbòmíì. Ṣùgbọ́n ní April 20, 2020, iye owó àgbá epo rọ̀bì kan já sí dọ́là 37.63 nísàlẹ̀ òdo, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń san gbèsè ọkọ̀ ló bá jókòó tì í. Kó o tó fọwọ́ síwèé, béèrè bóyá wákàtí ni wọ́n ń san tàbí iye ẹrù. Tó bá jẹ́ iye ẹrù, gbogbo wákàtí tí o bá fi to ìlà, àpò rẹ ló ti ń jáde, orí títì lo sì ti máa fẹ́ gbà á padà.

Ìyá mi ṣì ń gbàdúrà kí iná má jó mi. Mo ti ní kí wọ́n fi oorun kún un.