Ọmọ wà o, àmọ́ ta ló ń gbẹnu Màmá sọ̀rọ̀?

Ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n sọ lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Àìkú ṣì ń dùn mí títí di báyìí. Mo ní kí Màmá kan nínú ìjọ wa béèrè alágbàwí, ìyẹn ẹni tó máa dúró tì í kó lè sọ tinú rẹ̀, lọ́wọ́ káńsù (ìjọba ìbílẹ̀ wa níbí) kí wọ́n tó tún ọ̀rọ̀ ìtọ́jú rẹ̀ yẹ̀ wò, ni ẹ̀gbọ́n kan bá já lu ọ̀rọ̀ mi: "Ṣé Màmá ò bímọ ni? Ará ìta ni yóò wá máa bá abiyamọ sọ tẹnu ẹ̀?" Gbogbo wọn ní òótọ́ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù níbí mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Màmá yìí ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lù ú, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́, ohun tí wọ́n bá sì sọ fún un láàárọ̀ lè ti fò lọ kó tó di ọ̀sán. Mo wà nílé rẹ̀ lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ káńsù wá wo irú ìrànlọ́wọ́ tó nílò. Wọ́n bi Màmá bóyá ó lè dá wẹ̀, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin dáhùn. Wọ́n bi í bóyá ó ń rí oorun sùn, ọmọ tún dáhùn. Nígbà tó wá kan Màmá fúnra rẹ̀, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó ní kò sí nǹkan tí òun ò lè ṣe. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, póò wà lẹ́yìn kọ́tìnnì níbẹ̀, wọ́n fi ìró àdìrẹ bò ó. Ìdí ló fi ń wọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé náà láràárọ̀. Ìyá wo ni yóò jókòó níwájú ọmọ tó bí, kó máa ròyìn irú èyí fún àlejò? Òṣìṣẹ́ náà kọ gbogbo ohun tó gbọ́ sílẹ̀, wọ́n sì dín àkókò tí olùtọ́jú ń lò lọ́dọ̀ Màmá kù.

Ọmọ náà kì í ṣe èèyàn burúkú o. Iṣẹ́ alẹ́ ló ti dé, ojú rẹ̀ pọ́n kankan. Ẹ̀rù sì ń bà á pé tí òun bá sọ̀rọ̀ jù, wọ́n á ní kí wọ́n gbé ìyá òun lọ sí ilé àwọn arúgbó. Àmọ́ ẹ̀rù tirẹ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó bi Màmá léèrè kí ni ẹ̀rù tiẹ̀.

Òfin tí wọ́n ń pè ní Care Act, ti ọdún 2014 ní England, sọ ọ́ kedere ní abala 67. Tó bá máa ṣòro gan-an fún ẹnì kan láti lóye ohun tí wọ́n ń bá a sọ, láti rántí rẹ̀, láti gbé e yẹ̀ wò tàbí láti sọ tinú rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó yẹ tó lè dúró tì í, káńsù gbọ́dọ̀ wá alágbàwí tó dá dúró fún un. Ọ̀fẹ́ ni. "Ẹni tó yẹ" ọ̀hún kì í sì í ṣe mọ̀lẹ́bí èyíkéyìí tó bá ṣáà wà ńlé. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń gbowó láti tọ́jú rẹ̀, onítọ̀hún fúnra rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, bí làákàyè rẹ̀ bá gbé e. Ta ló bi Màmá pé ṣé ọmọ yìí ni kó bá a sọ̀rọ̀?

Àwọn kan á ní ògbufọ̀ ti tó. Ògbufọ̀ ò lè sọ pé, "Ẹ dúró ná, ọ̀rọ̀ yìí ò yé Màmá." Alágbàwí lè bá a jókòó lóun nìkan, kó sì kọ̀wé ta ko ìpinnu káńsù, káńsù á sì fèsì. Àwọn tó ní káńsù kan náà ló ń sanwó fún wọn, ẹ jọ̀ọ́, òfin ò gbà kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ mìíràn fún káńsù yẹn ṣe alágbàwí.

Nǹkan kan ṣoṣo ló ń kọ mí lóminú. Nígbà tí mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún Màmá, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, tí alágbàwí bá parí iṣẹ́ rẹ̀, ilé ẹ̀ ló ń lọ. Ta ni yóò wá gbé mi lọ sí hòsípítù?" Mi ò rí èsì fún un. Ọmọ rẹ̀ náà ni. Mo ti gba nọ́ńbà àwọn alágbàwí sílẹ̀, àmọ́ Màmá ò tíì ní kí n pè wọ́n. Mi ò sì lè pè wọ́n lẹ́yìn rẹ̀, torí pé èmi náà á kàn tún máa bá a pinnu ni.